Iná Tí Mo Mú Nílé

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Òkèsà, nílùú Iléṣà,
ìka mi kọ̀, kò ká mọ́ abẹ́rẹ́.
Mo ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná.
Aṣọ ilé-ìwé mẹ́tàdínlógún ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì.

"Ibà ni," ni wọ́n wí. Mo gbé oògùn mì.
Lóṣù kejì ó di taifọ́ọ̀dù.
Lóṣù karùn-ún, irun mi ń bá òòyà lọ;
ìyá ọkọ mi ní ẹnìkan ló ń fi irun náà ṣe nǹkan.

Mo rìn nínú oòrùn dé Ẹrẹ́jà,
labalábá pupa bà lé mi lójú,
ìyẹ́ kan lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ìkejì lósì,
orí imú ló fi ṣe ìjókòó.
Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò fò.

Dókítà Àrínọlá kò bi mí léèrè ọ̀tá.
Ṣé egbò wà lẹ́nu?
Ṣé ìtọ̀ ń hó bí ọṣẹ?
Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń ka ìka:
"Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kì í dá ẹjọ́ yìí.
Ẹ̀rí là ń ṣà jọ."
Ẹ̀jẹ̀ mi wọ mọ́tò lọ sí Ifẹ̀.
Ọjọ́ mọ́kànlá.

Lúpọ́ọ̀sì.
"Ọwọ́ ta ni mo ti kó o?"
"Ẹ kò kó o lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni:
"Ẹ ṣá mọ òṣómàáló,
tó tà láwìn, tó padà wá lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè?
Irú wọn wà nínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò tó bá wọlé ni wọ́n ń lóṣòó tì.
Tiyín ti wá ṣi ojúlé yà:
oríkèé, awọ, kíndìnrín,
wọ́n ń sin gbèsè tí ẹnìkan ò jẹ."

Kí ló ṣì wọ́n lọ́nà?
"Díẹ̀ láti inú ìran, díẹ̀ lára oòrùn,
ìyókù, a ò tíì mọ̀."
Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí "a ò tíì mọ̀" yẹn.

Ọdún kẹta rèé. Oògùn láàárọ̀, aṣọ alápá gígùn.
Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Alágboòrùn.
Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà kì í wá ìṣáná,
ilé ló ti ń mú iná lọ sóko.
Tèmi ń jó mi ní àtẹ́lẹwọ́,
n ò lè sọ ọ́ nù. Eérú ni mo fi ń bò ó.

Lónìí ìka mi ká mọ́ abẹ́rẹ́.
Aṣọ méjì péré ni mo rán,
bọ́tìnnì ìkejì ò tíì sí níbẹ̀.