Irin fún Ìrìn

Ọ̀la là ń lọ sí Òwù-Ìsin, mo ti da inú àpótí sílẹ̀ lórí ẹní.
Landiròfà bàbá mi dúró lábẹ́ dóńgóyárò ní Gáà-Àkànbí,
epo ń kán lábẹ́ rẹ̀
bí itọ́ àgbàlagbà tó sùn lọ lórí àga.

Irin ni mo ń ṣà, nítorí ìrìn.
Irin tó pọ̀ jù, ọkọ̀ á wúwo;
irin tó kéré jù, ẹsẹ̀ ẹni ni yóò parí ìrìn náà.

Jáàkì méjì ló wà nílẹ̀.
Èkíní pupa, ó ń dán,
ọmọkùnrin tó tà á fún mi búra pé ó lè gbé erin.
Bóyá ó lè gbé e. Kò ga tó orúnkún erin.
Mo tì í sábẹ́ ọkọ̀, mo yí i, mo yí i,
ó na ọrùn títí ọrùn fi tán,
àyè ìka mẹ́rin sì kù láàárín òun àti irin ìdí ọkọ̀.
Ọkọ̀ tó ká ṣòkòtò sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá,
kì í ṣe ẹgbẹ́ jáàkì ìgboro.
Èkejì dúdú, eyín rẹ̀ kan ti ká,
ó wúwo bí ọ̀rọ̀ àna.
Òun ni mo mú.

Mórẹ́nikẹ́ ní kí n yé dààmú, kí n kàn pe ènìyàn lórí fóònù.
Ta ni n ó pè, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an
ti fẹsẹ̀ rìn padà sí Òmù-Àrán?

Sípánà méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.
Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú,
ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì
ọ̀kan kì í ṣe ọmọ ìyá mẹ́rin yòókù.
Wòrú mẹkáníìkì ló fi í síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ojúlówó já,
ó ní, “Ẹ fi èyí lọ ná, ẹ padà wá lọ́la.”
Ọ̀la yẹn ti pé ọdún mọ́kànlá.
Wòrú ti kú. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ò tíì mì.
Sípánà kejì, ti Wòrú ni.

Páìpù yìí, apá mi ló gùn sí i.
Fọganáísà tó fi ẹ̀rọ di nọ́ọ̀tì
kì í rántí pé ọwọ́ ènìyàn ni yóò tú u.
Mo ki páìpù bọ ìdí sípánà, mo fò lé e lẹ́ẹ̀kan,
nọ́ọ̀tì ké bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Pákó yìí ńkọ́?
Oṣù kẹsàn-án ni, lẹ́yìn Ìsánlú-Ìsin, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sódò,
àgbá oyin mẹ́fà lẹ́yìn ọkọ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Táyà fọ́. A gbé jáàkì sílẹ̀, à ń yí i,
dípò kí ọkọ̀ gòkè, jáàkì ló ń wọlẹ̀
bí ẹni pé òkú la gbé wá sin.
Bàbá kan yọ láti inú oko iṣu, Àjíbóyè lorúkọ rẹ̀.
Ó wò wá. Kò sọ nǹkan kan. Ó padà sẹ́yìn.
A rò pé ó lọ nìyẹn,
àfi bó ṣe ru ilẹ̀kùn abà rẹ̀ dé,
ó tẹ́ ẹ sínú ẹrẹ̀ bí ẹní àlejò.
Ọkọ̀ gòkè. Ilẹ̀kùn là sí méjì.
Ó ní kí n máa mú ìdajì lọ, òjò ò tíì tán lọ́dún.

Ihò ìṣó rẹ̀ nìyí, ẹ fọwọ́ kàn án.
Mo gbọ́ pé àpò sìmẹ́ńtì ló fi dí ẹnu abà láti ìgbà náà.
Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn fi wà lórí ọkọ̀,
ìrókò kọ́, apá mi ò ká a;
mẹ́líínà ni, káfíńtà Òkè-Òdò ló kàn án.

Òkúta tí a fi ń há ẹsẹ̀ ọkọ̀, n ò ní kó o.
Ìsin ní òkúta tirẹ̀.

Mo ti di àpótí. Ilẹ̀ ti ṣú.
Ó ku sípíà lẹ́yìn ọkọ̀,
n ò tíì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.