Ìwé Kánsù ní Ìlódè

Ìwé owó-orí ilé dé lọ́jọ́ Ẹtì.
Ọmọdé kan ló mú un wá, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà
kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.
Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà.
Mo ní, "Ìyá, ẹ dúpẹ́. Ti ọdún yìí fúyẹ́."

Ìyá mi ò dúpẹ́.
Ó yí ìwé náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún,
bí ẹni tí ṣéńjì rẹ̀ ò pé.
"Èló ni wọ́n kọ fún Adúlójú ní Parakin?"

Àbúrò rẹ̀ ni Adúlójú. Yàrá mẹ́ta péré,
ṣùgbọ́n títì ọlọ́dà kọjá níwájú ilé rẹ̀:
ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.
Adúlójú ti ké títí, ó ní wọ́n fẹ́ ta ilé mọ́ òun lórí.
Ìyá mi gbọ́ iye yẹn, ó dákẹ́ títí ọbẹ̀ fi jóná.

Ní Lágéré, ṣọ́ọ̀bù tí ò ju àpótí ẹja lọ ń san ọgbọ̀n.
Ní Mọ̀ọ̀rè, apá kan gọ́tà ń san márùn-ún, apá kejì mẹ́sàn-án;
omi kan náà ló ń wọlé tọ̀ wọ́n lóṣù keje,
kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ bàtà tó fi sin bàbá mi.
Ní kánsù, èrò tò bí ìjàlọ,
olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀:
ẹ bá wa dín in, ẹ ṣàánú,
láti oṣù kẹta la ò ti rí iná l'Ẹ́lẹ́yẹlé.
Ó kan ìyá mi.
Akọ̀wé, ọmọ Ọ̀kúnadé, kò gbójú sókè.
"Mélòó lẹ fẹ́ ká yọ, Màmá?"
"Ẹ fi kún un."

Bírò dúró.

"Owó kòkó ọdún méje lọkọ mi fi mọ ilé yẹn.
Orí yìí ni mo fi ru omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀,
oyún ẹni tó dúró lẹ́yìn mi yìí sì wà nínú mi.
Òkú mẹ́ta ló sùn sábẹ́ pálọ̀.
Ta ló fi téèpù wọn ìyẹn?
Iye tí mo fẹ́ san kọ́ ló ń dùn mí,
iye tí ẹ pè mí ni."

"Màmá, a kì í wo ilé. Àdúgbò là ń wò."
Ó tẹ́ àwòrán ìlú sílẹ̀. Parakin pupa, Lágéré pupa,
Ìlódè ní àwọ̀ eérú.
"Ta ló kùn ún?"
"Wọ́n ti kùn ún kí n tó débí."
"Ibi tí a ti ń dẹ ọ̀kẹ́rẹ́ nígbà tí mo jẹ́ ọmọdé
ló wá pupa, tí tiwa di eérú?"

Èmi ń fà á láṣọ lẹ́yìn.
Èmi ni n ó san án. Tíṣà ni mí n'Íbàdàn,
owó oṣù méjì ṣì wà lọ́nà, ọmọ mẹ́ta wà níléèwé.
Mo ń ṣírò, ojú ń tì mí pé mò ń ṣírò.

Fọ́ọ̀mù ìdínkù wà. Kò sí ti àfikún.
Ọmọ Ọ̀kúnadé wò ó pẹ́,
ó wá kọ ọ́ sí etí ìwé:
*Onílé ní ilé òun níyì ju báyìí lọ.*
Ó lù ú lóǹtẹ̀. Ìyá mi ní kó kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ó tú etí aṣọ, ó ka ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀,
kò ṣẹ́ náírà kan kù.

Ọdún ń yí bọ̀. N kò tíì mọ èyí tí n ó gbàdúrà fún,
kí kánsù gbọ́, tàbí kí wọ́n gbàgbé.

Nígbà tí a délé, ó fọwọ́ pa ògiri lẹ́nu ọ̀nà.
Erùpẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
Kò nù ún.
Pupa, ó ní. Ẹ ò rí i?