Ṣílè Mẹ́ta

Ilé náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún,
ó fẹ̀yìn ti òkè ní Pontypridd bí àgbà tí ń tòògbé.
Lọ́jọ́ tí Nerys kó wọbẹ̀, ọsàn kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ọsàn yí lọ fúnra rẹ̀,
ó kọjá àga, ó kọjá ológbò,
ó lọ dúró síwájú ààrò.
"Odò ló ń pè é," ni Mostyn aládùúgbò wí.

Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.
Níbí kò sí alángbá.
Òtútù ló ń gba ẹnu ògiri wọlé, láti oṣù Bélú títí di Igbe,
ó ń bá Nerys sùn bí ẹni tó san owó ilé.

Nerys ra pákó:
gbọọrọ fún ẹsẹ̀ ògiri,
pẹlẹbẹ láti fi wọ ògiri láṣọ dé ìbàdí,
pẹ̀lú gúlúù, ìṣó wẹ́wẹ́,
àti ọ̀dà tó jọ ewé efinrin gbígbẹ.
Ó wo fídíò mẹ́rin. Ó ní ọjọ́ méjì ni.
Mostyn, tó fi ayùn jẹun fún ogójì ọdún, kò wí nǹkan kan.
Ó kàn bọ́ kóòtù rẹ̀.

Wọ́n fa pákó àtijọ́ ya, ìṣó ń ké.
Eruku èédú tú jáde,
irú èyí tí awakùsà máa ń fi ṣòkòtò gbé wálé.
Wọ́n rí ìrin irun kan, eyín ọmọdé kan,
àti lẹ́yìn pákó tó gùn jù, ìwé pẹ́ńsùlù,
lẹ́tà rẹ̀ mú bí ìbínú:
Evan, ilé kẹsàn-án, ń jẹ mí ní ṣílè mẹ́ta. 1911.

Mostyn wọ gíláàsì, ó kà á, ó tún un kà.
Ilé kẹsàn-án ni wọ́n bí i sí.
Evan ló bí bàbá rẹ̀.
"Ó sì máa ń sọ fún wa pé òun ò jẹ gbèsè rí láyé òun!"
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e,
Nerys lọ bu omi wá.

Iṣẹ́ wáá bẹ̀rẹ̀.
Wọ́n gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé ilẹ̀,
afẹ́fẹ́ kékeré inú rẹ̀ sá sí igun bí ọmọ tó jí ẹran.
Nerys to pákó náà gbọọrọgbọ,
ìka méjì wọ abẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún.
Ó fẹ́ fi ìkanra kàn án mọ́lẹ̀.
"Ilé yìí dàgbà jù ọ́ lọ," ni Mostyn wí.
"Bó bá tẹ̀, ìwọ náà tẹ̀."
Ó yọ owó ẹyọ kan lápò, ó fi lélẹ̀,
ó gbé pẹ́ńsùlù lé e lórí, ó ń wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀;
gbogbo gegele àti kòtò ilẹ̀ ń yọ lára pákó.
Ayùn tẹ̀ lé ìlà náà.
Pákó jókòó
bí ẹni tó padà sórí àga tirẹ̀.

Ọjọ́ méjì di mọ́kànlá.
Àlàfo tó kángun sí fèrèsé kéré sí ìyókù ní ìka kan.
Nerys nìkan ló mọ̀.
Bí àlejò bá ń bọ̀, á gbé àga dí i.

Ó ku pákó kan.
Mostyn tẹ owó pọ́n-ùn mẹ́ta mọ́ inú gúlúù lẹ́yìn rẹ̀.
Wọn ò ná ṣílè mọ́; ó ní èlé ló bá a débẹ̀.
Nerys mú pẹ́ńsùlù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:
Evan ti san án.
Ó rò ó wò, ó tún fi kún un:
Ògiri yìí ló wọ́, kì í ṣe àwa.
Ìṣó mẹ́fà, ó parí.

Mostyn gbàgbé ayùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.
Ó ní òun á wá mú un lọ́la.
Oṣù kẹta rèé tó ti ń wá mú un,
tó ń mu tíì, tó ń wo igun ògiri,
tó sì ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.