Kó Tó Kàn Án Lẹ́ẹ̀kejì

Apá kẹfà bọ́ sí òru Ọjọ́rú,
níbi tí a ti ń gé ẹja ní Grimsby,
okùn létí oníkálukú.
Ọkọ̀ òfurufú ti sọnù láàárín ìràwọ̀.
Nǹkan ń kan ilẹ̀kùn láti ìta,
níbi tí èémí ò sí,
ohùn ìyá ọ̀gá ọkọ̀ ló sì fi ń pè é.

Maureen ju ọ̀bẹ sórí yìnyín.
Dérin ní irọ́ ni, àmọ́ kò lè dá lọ tọ̀ mọ́.
Kowalski, tí kì í sọ̀rọ̀, figbe ta:
“Má ṣí i o!”
Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo gbọ́ “Àwẹ̀ró” kẹ́yìn,
lórí fóònù, láti Ìlárá.
Bó bá jẹ́ ohùn yẹn ni,
ì báà hu eyín lọ́nà ọ̀fun,
màá ti ṣí i
kó tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì.