Mítà Kan, Yàrá Mẹ́jọ

Rédíò Sẹ̀nàmí ló kọ́kọ́ sọ ọ́, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀:
àwọn olórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tún ti pàdé,
wọ́n tún ti ya fọ́tò,
owó kan ṣoṣo tí gbogbo wa yóò jọ máa ná,
wọ́n tún ti sún un síwájú.
Sẹ̀nàmí fi eyín gé òwú lára aṣọ tó ń rán, ó ní,
"Kí wọ́n wá síbí wá wo mítà."

Ilé wa nìyẹn, ní Òkè-Àdó, lẹ́yìn ilé-epo tó ti kú:
yàrá mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, mítà kan.
Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé iná
torí mo fi ọdún mẹ́tàlélógún ka owó olówó
ní báńkì kan ní Dùgbẹ̀,
títí òórùn owó fi wọ̀ mí léèékánná.
Wọ́n rò pé ẹni tó mọ owó kà ló mọ owó pín.
Ọgbọ́n méjì ni.

Múfútàù ní fìrísà ẹja,
ó ń ta yìnyín fún ìdajì àdúgbò.
Kòjó, káfíńtà ará Lómè, gílóòbù kan ṣoṣo ló ní,
ó sì máa ń pa á tó bá fẹ́ gbàdúrà.
Lóṣù Ẹrẹ́nà a pé jọ,
a ní kí oníkálukú san iye kan náà,
ṣebí ìṣọ̀kan ni.
Kòjó wo àjà, kò fọhùn.
Múfútàù ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Lóṣù Èbìbí ọ̀rọ̀ yí padà:
kí ẹni tó jẹ iná púpọ̀ san púpọ̀.
Múfútàù ní, ta ni yóò wọ̀n ọ́n?
Ta ni yóò wọ yàrá ta ni lóru, láti ka gílóòbù?
Mọ́mì Tèmídire ní yàrá kẹfà dìde,
ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà òun,
òmìnira lòun san owó ilé fún.
A pàtẹ́wọ́ fún òun náà.

Bàbá mi máa ń sọ nípa ọdún tí wọ́n pa pọ́n-ùn tì,
tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì:
ó gbọn àpò rẹ̀ lójú ọ̀nà Mókọlá, ó dún ju ti àná lọ,
ó rò pé òun ti lówó.
Èmi náà rí ọdún tí a fi owó ra owó,
tí àgbàlagbà sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì
pẹ̀lú ìwé ìfowópamọ́ láyà,
tí ẹgbẹ̀rún kan ra ẹgbẹ̀rin.
Nítorí náà, bí ẹ bá ní owó tuntun ń bọ̀,
kì í ṣe àwòrán ara rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.
Ọwọ́ tó nà án sí mi ni.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀hún a tún pàdé.
Mítà ké: pi, pi, pi,
bí òròmọdìẹ tó rí òjìji àṣá.
Iná lọ mọ́ Múfútàù lẹ́nu;
ó ku díẹ̀ kó ṣèlérí.
Nínú òkùnkùn, Kòjó yọ sẹ́fà kan látinú bàtà rẹ̀,
ẹgbẹ̀rún méjì tó tọ́jú de ọjọ́ ìlọsílé:
"Ṣé mítà yín máa jẹ èyí?"
A rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín gan-an.
Sẹ̀nàmí ò rẹ́rìn-ín.
"Gbà á, akọ̀wé, lọ ṣẹ́ ẹ ní Sábó
kí wọ́n tó kó tábìlì wọn wọlé."
Ẹni tó ní gílóòbù kan ló ra iná fún ilé.

Nígbà tí mo padà, omi ti ń jò lábẹ́ fìrísà.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú ìwé
láti kọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè.
Mo kọ márùn-ún.
Mo wo ìlà kẹfà títí,
mo pa tọ́ọ̀ṣì.
Kòjó bi mí látẹnu ọ̀nà, "Akọ̀wé, ṣó ti pé?"
Mo ní, "Ó ku ẹyọ kan."
Kò bi mí pé ta ni.