Iná Méjì Nínú Ilé Kan

Ìwé dé láti ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé,
olùkọ́ ká a ní ìká mẹ́rin, ó fi í sínú àpò ọmọ.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́bàá àdògán onírin.
Òjò Aṣáò ń lu páànù bí olówó èlé tó wá sin gbèsè,
Ismenia sì ń họ ẹ̀yìn etí.

"Iná wà nílé yìí," ni mo wí.
Ìyá ọkọ mi bojú wo àdògán:
"Ó wà o. Èmi ni mo dá a láàárọ̀."
"Iná orí ni mo ń wí, Màmá."
Ó gbé òwú àgùntàn tó ń hun kalẹ̀,
ó wò mí bíi pé èmi ni mo bí wọn.

Ó ní kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń pa á nígbà tiwọn:
wọn á dà á sórí, wọn á fi àkísà wé e,
ọmọ á sì sùn bí àtùpà tí a kò tíì tàn.
Mo wo àdògán tó ń pọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́,
mo wo irun ọmọ mi.
Rárá, Màmá.
A kì í fi iná lé iná jáde nínú ilé pákó.

Òòyà eléyín wẹ́wẹ́ la rà.
Owó bàtà òjò Eliécer ló bá a lọ.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Ismenia.
Ó ti tó ọdún kan tó ti gba orí rẹ̀ lọ́wọ́ mi,
tó ń dirun níwájú dígí, tó ń ti ilẹ̀kùn.
Lálẹ́ yìí ó jókòó sáàárín orúnkún mi,
irun tútù, ìpara ń kán, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́.
Mo fa òòyà láti ìdí irun dé ṣóńṣó,
mo nù ún sára aṣọ funfun.
Ọ̀kan. Ó ń rìn lọ, kò mọ̀ pé a ti rí òun.
Èkejì. Ìkarùn-ún.
Ẹyin wọn lẹ̀ mọ́ irun
bí ìṣáwùrú ṣe ń lẹ̀ mọ́ òpó èbúté.
Mẹ́tàlélógún, kí omi tíì tó hó.

"Ṣé iná máa ń ní ìyá?" Eliécer béèrè.
"Ó ní. Òun gan-an ni mo ń wá."

Láàárín ìkẹwàá àti ìkẹtàlá ni ọ̀rọ̀ jáde:
òun àti Yasna ló fi orí kan orí
kí fóònù lè ya àwọn méjèèjì pọ̀.
Yasna ń kó lọ sí Puerto Montt lóṣù tó ń bọ̀,
wọ́n fẹ́ kí àwòrán pọ̀ nílẹ̀.
N kò fèsì. Mo rọra ń yà á.
Ohun tí mo fi oṣù mẹ́ta béèrè nídìí oúnjẹ,
òòyà ló fà á yọ.

Bàbá wọn pè láti orí omi, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja:
"Ṣé kí n wálé lọ́jọ́ Ẹtì?"
"Máa bọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe bọ́ fìlà."

Bí iná kò bá tán lórí,
ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.
Mo se aṣọ ìrọ̀rí bí ẹni ń se ọ̀dùnkún,
mo yà á lónìí, mo fo ọ̀la, mo tún yà á,
títí di alẹ́ kẹrìnlá
tí aṣọ funfun wà ní funfun.
Ismenia dìde. Ó gbọn irun. Ó ti ilẹ̀kùn.
Mo jókòó pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́
bí ẹni tó jẹun tán tí kò yó.

Ni mo bá họ orí.

Ìyá ọkọ mi, tí kò fọwọ́ kàn mí
láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó,
fa àga rẹ̀ sún mọ́ iná, ó fi awò sójú,
ó gba òòyà lọ́wọ́ mi.
"Jókòó sílẹ̀. Gbé orí wá."
Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn òwú àti èéfín.
Igi kan ta pàù nínú àdògán.
"Ọ̀kan," ló wí.