Màjàlà Lórí Aṣọ Funfun

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ funfun méjì sórí okùn tán
nígbà tí màjàlà bà lé apá ọ̀tún,
dúdú, fẹ́lẹ́, bí ìyẹ́ tí kò ní ẹyẹ.
Mi ò tíì rí iná. Màjàlà ló ṣòfófó.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Èbúté Mẹ́ta, ojú irin ni.
Láyé Òyìnbó ni wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ jọ, tí wọ́n mọ ọ́n ga
kí rélùwéè má baà rì sínú ẹrọ̀fọ̀.
Gegele yẹn nìkan la fi mọ òkè
ní àdúgbò tó tẹ́ bí àwo yìí.

Baba mi, Ṣóẹ̀tán, wà lára àwọn tó ń ṣán an.
Á ní: "Má wo iná, wo koríko.
Iná ò lẹ́sẹ̀; koríko lẹsẹ̀ rẹ̀."
Kí oṣù Bélú tó parí, wọ́n á ti ṣán eèsún dé gbòǹgbò,
wọ́n á sì kó o kúrò.

Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni ti gbé àdá débẹ̀.
Òjò Agẹmọ rọ̀ dáadáa, a dúpẹ́.
Eèsún mu ún yó, ó ga ju ènìyàn méjì lọ.
A ò mọ̀ pé igi ìdáná ni òjò ń bá wa tò jọ.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé.
Ètè bẹ́. Ilẹ̀kùn súnkì nínú férémù rẹ̀.
Ìrì òwúrọ̀ kò sẹ̀ mọ́,
eèsún sì ń dún wúyẹ́wúyẹ́ bí ìwé ìròyìn àná.

Ta ló tanná ran pàǹtí? Dípẹ̀olú ní òun kọ́.
Nísàlẹ̀, ọmọ ìrákòrò ni iná náà.
Ìgbà tó kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló dìde,
ooru rẹ̀ ń yan koríko òkè sílẹ̀ dè é,
ìgbésẹ̀ kan di mẹ́rin.
Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń ṣubú sí.
Òkè ni iná ń ṣubú sí.

Ọyẹ́ ń tì í lọ sí apá kejì ojú irin,
a gbé garawa sílẹ̀, a ń mí.
Ní nǹkan bí agogo méjì, atẹ́gùn òkun dé,
atẹ́gùn tá a ń ṣí fèrèsé dè lójoojúmọ́,
ó yí iná lójú padà sọ́dọ̀ wa.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà Ìyá Ṣíjúwọlá,
tó gbìn síbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà,
àwọn ló dá a dúró. Omi kún inú wọn.
Ewé wọn rọ, wọn ò jó.

Mo fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Apá ọ̀tún ṣì dúdú.

Òjò ọdún yìí tún rọ̀ dáadáa.
Mo ti ń pọ́n àdá.